Omi tó fẹ̀ bí òkun, kí ló dé tí ẹja inú rẹ̀ fi lè tán?

Ìbéèrè: Mo rí àwòrán ọkùnrin kan tó gbé ẹja ràgàjì mọ́yà létí Great Bear Lake, ní àríwá Kánádà. Wọ́n ní lẹ́yìn tí wọ́n ya àwòrán náà tán, ńṣe ló dá ẹja padà sómi. Omi tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, kí ni ẹja kan ṣoṣo fẹ́ dín kù nínú rẹ̀?

Ìtóbi omi ló ń tàn wá jẹ. Lóòótọ́ ni adágún náà tóbi: ó fẹ̀ tó 31,000 kìlómítà níbùú lóròó, ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ sì ju mítà 400 lọ. Ìlú kan ṣoṣo ló wà létí rẹ̀, Délı̨nę, tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò pé 600. Àwọn Dene tó ni ilẹ̀ náà ń pe adágún yìí ní Sahtú.

Ṣùgbọ́n ẹja kì í jẹ ìtóbi omi. Ohun tó bá hù nínú omi ló ń jẹ. Yìnyín máa ń bo adágún yìí láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí ó fi di oṣù Kéje, àti pé nígbà tí yìnyín bá yọ́ pàápàá, omi rẹ̀ tutù nini. Àwọn ewédò tín-ń-tín tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn kòkòrò omi ń jẹ, tí ẹja kékeré ń jẹ kòkòrò, tí ẹja ńlá ń jẹ ẹja kékeré, kì í rí ju oṣù díẹ̀ lọ́dún láti fi gbilẹ̀. Ìdí nìyí tí omi náà fi mọ́ gaara. Àlejò á rí i, á ní ó mà dára o! Ó dára ní tòótọ́, ṣùgbọ́n mímọ́ tó mọ́ yẹn ló ń sọ fún wa pé oúnjẹ inú rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ìbéèrè: Bí oúnjẹ bá wọ́n tó báyìí, kí ló wá mú ẹja náà tóbi tó bẹ́ẹ̀?

Ó ti pẹ́ láyé ni. Ẹja tí à ń sọ, tí wọ́n ń pè ní lake trout, lè gbé ju 50 ọdún lọ nínú omi yìí. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni ẹja àrọ̀ tí a ń sìn lágbàlá fi ń tó tà. Ní ti trout Sahtú, ó máa ń lé ní ọdún mẹ́wàá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí yé ẹyin rárá, kì í sì í ṣe ọdọọdún ló ń yé e. Lọ́dún 1995, wọ́n fi ìwọ̀ fa ọ̀kan jáde níbẹ̀ tó wọn pọ́ùn 72, ìyẹn nǹkan bíi kílò 33. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ lè ti wà nínú omi kí ẹni tó fà á jáde tó gbéyàwó. Ẹni tó bá gbé e lọ sílé, ọjọ́ orí ló gbé lọ, ọdún díẹ̀ kò sì lè dí àlàfo rẹ̀. Ohun tó yẹ kó yé gbogbo wa nípa omi àríwá nìyí, mi ò sì rò pé à ń sọ ọ́ tó.

Ìbéèrè: Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí ẹja? Báwo ni wọ́n ṣe mọ ọjọ́ orí rẹ̀?

Ẹni tó bá ti jẹ orí ẹja croaker rí á ti bá òkúta funfun méjì pàdé nínú rẹ̀. Òkúta etí ni. Òun ni ẹja fi ń gbọ́ràn, òun náà ló sì fi ń mọ bí ara rẹ̀ ṣe dúró nínú omi. Lọ́dọọdún ni nǹkan ń lẹ̀ mọ́ ọn: ti ìgbà ooru nípọn, ti ìgbà òtútù tẹ́ẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá la òkúta náà, tí wọ́n fi awò wò ó, wọ́n á ka àwọn òrùka rẹ̀ bí ẹni ń ka òrùka inú igi. Láyé àtijọ́, ìpẹ́ ni wọ́n ń kà. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá ti dàgbà, tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi sí i mọ́, òrùka ara ìpẹ́ á fún pọ̀ débi pé kò ṣe é kà. Àwọn àgbà ẹja ni wọ́n wá ń pè ní ọ̀dọ́. Ẹni tó bá rò pé ẹja ń tètè dàgbà á sì gbà kí wọ́n pa púpọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ níbì kan rí?

Ó ti ṣẹlẹ̀, kò sì jìnnà sí Sahtú. Great Slave Lake wà ní gúúsù rẹ̀. Òun ló jìn jù nínú gbogbo adágún Àríwá Amẹ́ríkà, mítà 614. Lọ́dún 1945 ni iṣẹ́ ẹja pípa fún títà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹja mìíràn tí wọ́n ń pè ní whitefish ni wọ́n ń wá, trout sì ń bá a há sínú àwọ̀n kan náà. Whitefish ń tètè yé ẹyin, nítorí náà ó fara dà á, trout kò lè fara dà á. Kí ó tó tó ọgbọ̀n ọdún, trout ti ṣọ̀wọ́n gidigidi ní apá ìwọ̀ oòrùn adágún náà. Àwọ̀n kò mọ ẹni tó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀. Ní Sahtú, wọn kò dá irú iṣẹ́ ẹja pípa ńlá fún títà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹja tí ìwọ̀ ti gún lẹ́nu, ṣé ó ṣì ń yè?

Púpọ̀ wọn ń yè, bí ẹni tó mú un bá mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwọ̀ tí kò ní ẹ̀gún tó ń há sẹ́ran ni kí ó lò, kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹja pẹ́ lókè omi, kí ó sì fi ọwọ́ tútù dì í mú. Trout tún ní ohun kan tó ń ràn án lọ́wọ́: ọ̀nà tóóró kan so àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun. Bí wọ́n bá fà á láti ìsàlẹ̀ jíjìn, tí afẹ́fẹ́ náà ń wú, ó lè tú u jáde lẹ́nu bíi ìfófòó. Ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn kò ní irú ọ̀nà yẹn, ikùn wọn á kàn wú.

Ìbéèrè: Ṣé oríṣi kan náà ni gbogbo trout inú Sahtú?

Rárá. Àwọn onímọ̀ ti rí oríṣi mẹ́rin tó yàtọ̀ síra ní ìrísí orí, lẹ́bẹ́ àti oúnjẹ, tó sì jọ ń gbé ní apá ibi tí omi adágún náà kò jìn púpọ̀. Bí a bá ń ka gbogbo wọn pọ̀ bí ọ̀kan, oríṣi kan lè máa tán lọ lábẹ́lẹ̀ kí iye náà má tíì yí padà lójú wa.

Ìbéèrè: Àwọn tó ni ilẹ̀ ńkọ́? Ṣé àwọn náà kì í pa ẹja ni?

Wọ́n ń pa á, ó ti pẹ́. Wọ́n ń lu ihò sínú yìnyín, wọ́n ń dẹ àwọ̀n sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ajá ń fa ọkọ̀ orí yìnyín, ẹja tí wọ́n ń pa pọ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ, torí ajá náà gbọ́dọ̀ jẹun. Nígbà tí ọkọ̀ orí yìnyín tó ń lo ẹ́ńjìnnì dé, iye náà wálẹ̀. Lọ́dún 2016 ni Délı̨nę bẹ̀rẹ̀ ìjọba ara rẹ̀, ọdún yẹn náà ni UNESCO fọwọ́ sí agbègbè adágún náà, pẹ̀lú orúkọ Tsá Tué, bí ibi tí ènìyàn àti ẹ̀dá ti jọ ń gbé.

Ìtàn kan wà tí àwọn àgbà wọn ń sọ. Apẹja kan, Kayé Daoyé, dẹ ìwọ̀ mẹ́rin, mẹ́ta ló bá. Trout kan ti já okùn, ó ti gbé ẹ̀kẹrin lọ. Kayé Daoyé gba inú ẹja mìíràn wọ ìsàlẹ̀ lọ láti wá ìwọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ ariwo ńlá kan níbẹ̀, ó sì rí ọkàn omi tó ń lù kìkì, tí oríṣiríṣi ẹja yí i ká, tí gbogbo wọn dojú kọ ọ́.