Títì fẹ̀, ọ̀rẹ́ tán? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọ̀nà àdúgbò wa

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ohùn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ ti ń ti orí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan bọ́ sí òmíràn, láti Kabba títí dé Ìsánlú, ní ilẹ̀ àwa ará Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní òyìnbó ti ṣèwádìí, pé títì tó bá fẹ̀ máa ń lé ọ̀rẹ́ lọ, ó sì ń sọ aládùúgbò di òtòṣì, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má dáwó katapílà tí wọ́n fẹ́ fi la ọ̀nà àdúgbò mọ́. Ìpàdé kan tí mo lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká nítorí ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣé òótọ́ ni pé ìwádìí yẹn wà?

Ó wà, àmọ́ ohun tó sọ kọ́ ni wọ́n ń gbé kiri. Donald Appleyard, olùkọ́ ní yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà, ló mú òpópónà mẹ́ta tó jọra ní ìlú San Francisco ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ọkọ̀ bíi 2,000 ló ń gba ọ̀kan lójúmọ́, nǹkan bí 8,000 ń gba ìkejì, nǹkan bí 16,000 ń gba ìkẹta. Ó wá ń bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ léèrè pé ọ̀rẹ́ mélòó lẹ ní ní òpópónà yín. Níbi tí ọkọ̀ ò ti pọ̀, ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ọkọ̀ ti pọ̀ jù, kò pé ẹyọ kan: 0.9. Ẹ má bi mí bí èèyàn ṣe ń jẹ́ ọ̀rẹ́ 0.9. Ẹ̀yin náà mọ irú wọn.

Ẹ rí i pé ọkọ̀ ló ń kà, kì í ṣe fífẹ̀ títì. Ariwo àti eré àsápajúdé ló ń lé èèyàn wọ yàrá ẹ̀yìn. Ẹ wo ilé tó dojú kọ ọ̀nà tí tíréélà ń gbà: ìyá tó ń dín àkàrà lójúde ti gbé agbada rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé nítorí eruku, àwọn tó máa ń dúró sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kò sì dúró mọ́.

Ọ̀nà tó tọ́ tààrà ló dáa ni, àbí èyí tó wọ́?

Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ibi tó já sí ni kí ẹ béèrè.

Kí ló dé tí ọ̀nà agboolé wa fi wọ́ tó báyìí?

Èyí dùn mọ́ mi, ẹ fara dà á. Ní ayé ogun Nupe, nígbà tí wọ́n ń ti Bida wá kó èèyàn lẹ́rú ní ilẹ̀ wa, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú Okun sá lọ. Lórí àpáta, ilé a máa fẹnu kan ilé, ọ̀nà a sì máa yà síhìn-ín yà sọ́hùn-ún, kí ẹni tí kò mọlé lè sọnù síbẹ̀. Odi ìlú ni wíwọ́ yẹn. Nígbà tí ogun rọlẹ̀ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀bá ọ̀nà ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ jókòó sí, àmọ́ wọ́n gbé agboolé sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ara wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá yà kúrò lójú títì lẹ́ẹ̀kan péré, àgbàlá ẹnì kan lẹ bọ́ sí yẹn. Kí àlejò tó gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ìyá àgbà kan lórí àga á ti ní, "Okun o. Ta lẹ̀ ń wá?" Ìkíni ni, ẹ̀ṣọ́ sì ni.

Ọ̀nà kan náà yẹn ni wọ́n fi bárò gbé bàbá kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù jáde lóru ní àdúgbò mi, nítorí ọkọ̀ ò lè wọlé. Afẹ́fẹ́ ti lọ nínú táyà bárò náà. Mo ṣì ń gbọ́ ariwo rẹ̀.

Kí ló kan òṣì nínú rẹ̀?

Ẹ ka ìyànà. Ẹ dúró lẹ́nu ọjà, kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹ máa yà kí ẹ tó dé ilé. Bill Hillier àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London ti ń ṣe irú ìṣirò yìí láti àwọn ọdún 1970, wọ́n sì rí i pé ibi tí ìyànà kò pọ̀ dé ni èèyàn ń gbà kọjá jù, ibẹ̀ náà ni ìsọ̀ máa ń pọ̀ sí. Ilé tó jìnnà ní ìyànà méje kò lè ta búrẹ́dì lójúde. Alómi tó ń ti kẹ̀kẹ́ á fowó lé e, ọlọ́kadà náà á ní ọ̀nà yẹn kò dáa. Owó kékeré lójoojúmọ́ ni, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ni wọ́n ti ń gbà á.

Àbí kì í ṣe àwọn olówó ló ń gbé níbi tí ọ̀nà ò já?

Àwọn náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnì kan ló ti géètì fúnra rẹ̀, ẹnì kejì ni wọ́n ti í mọ́. Ní 1917, òfin ìlú tí Lugard, òyìnbó tó jẹ́ gómìnà àgbà Nàìjíríà nígbà náà, ṣe ní kí wọ́n ya ibùgbé òyìnbó sọ́tọ̀, kí ilẹ̀ òfìfo tó tó irinwó mítà wà láàárín wọn àti àwa, wọ́n ní nítorí ẹ̀fọn àti iná. Ẹ̀fọn ò kúkú mọ òfin kà. Àmọ́ GRA, ibùgbé tí ìjọba yà sọ́tọ̀ yẹn, ṣì wà láwọn ìlú wa, títì ibẹ̀ ṣì fẹ̀, ilé ibẹ̀ ṣì jìnnà síra. Ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà ní 1941, oníṣòwò ilé kan mọ ògiri gígùn sáàárín àwọn dúdú àti funfun kí ìjọba lè gbà láti ṣe onídùúró fún owó ilé tó fẹ́ kọ́. Ògiri yẹn wà níbẹ̀ títí dòní.

Kí ló yẹ ká bẹ̀rù?

Kí ọ̀nà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, kó má ní èkejì. Ẹ bi ará Ganaja ní Lọ́kọ́ja: nígbà tí omi kún ní 2012 àti 2022, títì wọn wọ inú omi, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́.

Aládùúgbò mi ti fi fẹ́ǹsì dí ọ̀nà àbùjá.

Ẹ yára. Kí búlọ́ọ̀kù tó ga, ẹ pe baálé, kí àwọn àgbà jẹ́rìí sí ọjọ́ tí ọ̀nà yẹn ti wà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ ilé ìwé àti ìyá tó ru ẹrù ni ìyípo yẹn máa ń kọ́kọ́ pa lára. Onífẹ́ǹsì ní ọkọ̀ tirẹ̀.

Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X sí ògiri mi. Ṣé ilé ti lọ?

Rárá o. Ọ̀dà kì í ṣe ìwé. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, ní ìpín 28, fún gómìnà lágbára láti gba ilẹ̀ fún ire gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé tó yín létí. Ìpín 29 ní kí wọ́n san owó ilé àti irè oko. Ẹ má retí owó gidi lórí ilẹ̀ lásán. Wọ́n á sì yọ iye tí ilé ti gbó kúrò, nítorí náà ilé alámọ̀ bàbá yín lè má mú nǹkan gidi wá. Ẹ ya fọ́tò nísinsìnyí, kí ẹ ka igi kajú yín ní oókan-oókan. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ìlú ló kọ X, kì í ṣe ìjọba, àdéhùn tí ẹ bá bọwọ́ lù ni òfin yín.

Ṣé kí n wá dáwó katapílà?

Ẹ dá a, bí ọ̀nà náà bá máa já sí ọ̀nà mìíràn lẹ́yìn, tí wọ́n á sì fi gegele sí i kí ọkọ̀ má baà sáré lẹ́nu ọ̀nà àwọn ọmọdé. Ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ owó ilé kí ọ̀nà tó dé. Ní Paris, láàárín 1853 sí 1870, Haussmann, aláṣẹ ìlú náà, la títì fífẹ̀ gba àárín ìlú kọjá. Ìlú mọ́, afẹ́fẹ́ wọlé, owó ilé fò sókè, ọ̀pọ̀ tálákà sì bọ́ sí ẹ̀yìn ìlú.

Èmi ò tíì dá tèmi. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ibi tí gọ́tà máa já sí hàn mí. Alága ní òun á pè mí padà.