Egungun ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ múra fún, ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ṣọ́jà l'Amẹ́ríkà

Àwọn ọmọbìnrin wa tó ti buwọ́ lùwé fún Army níbí, tí wọ́n bá wá sọ́dọ̀ mi, push-up ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè. "Àǹtí, mélòó ni kí n lè ṣe kí n tó lọ?" Push-up dáa o, mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é, àmọ́ iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, àwọn tí mò ń rí tí training dá padà, apá kọ́ ló dá wọn padà, ẹsẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ 10 ni basic training Army, Fort Jackson ní South Carolina sì ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń ṣe é. Ìrìn ló pọ̀ níbẹ̀ jù, ẹ rìn lọ jẹun, ẹ rìn lọ kíláàsì, ẹ tún gbé báàgì wúwo kọ́ ẹ̀yìn, ìbọn lọ́wọ́, nínú oòrùn. Ẹni tó ti ń jókòó ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, èémí ẹ̀ á já gaara láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, iṣan á le, á máa rò pé òun ti ṣetán, bẹ́ẹ̀ egungun ò tíì bá wọn dé. Tí ìnira tuntun bá bá egungun, ńṣe ló máa kọ́kọ́ yọ èyí tó ti gbó kúrò kó tó mọ tuntun síbẹ̀, bíi bíríkìlà tó ń tún ògiri ṣe, àsìkò tó ti yọ ọ́ tí ò tíì mọ ọ́n padà gan-an ló máa ń sán. Stress fracture nìyẹn, ó sì ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ dáadáa.

Torí ẹ̀ ni mo fi ń sọ pé oṣù mẹ́ta ó kéré tán kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn kíákíá, lẹ́yìn náà ẹ máa sáré díẹ̀ rìn díẹ̀, tó bá yá ẹ kó ìgò omi líta kan márùn-ún sínú báàgì, kílò 5 nìyẹn, ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi kún ẹrù, ẹ má fi kún ọ̀nà.

Tí ojúgun bá ń dùn yín, ẹ fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ láti orúnkún wá sísàlẹ̀. Tó bá ń dùn káàkiri etí egungun nínú lọ́hùn-ún, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ kàn ti sá jù, ẹ dín in kù. Àmọ́ tó bá jẹ́ ojú kan péré, tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tẹ́ ẹ fò sókè, tó tún ń ro yín lóru, ẹ dúró, ẹ lọ rí dókítà, X-ray àkọ́kọ́ sì lè má fi hàn o. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìrora níbi tí itan ti pàdé abẹ́. Wọ́n á ní iṣan ló fà, wọ́n á máa sá a lọ, bẹ́ẹ̀ ọrùn egungun itan ló wà níbẹ̀, ó lè dá pátápátá kó di iṣẹ́ abẹ. Ẹ má fi ìyẹn pa mọ́ fún drill sergeant, ìyẹn ọ̀gá tó ń kọ́ yín, rárá, ẹ lọ sí sick call, ibi tí wọ́n ti ń yẹ ṣọ́jà tára ẹ̀ ò yá wò, lọ́jọ́ náà.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Àwọn kan á febi pa ara wọn torí ìwọ̀n, nǹkan oṣù á dúró, egungun á máa rọ. Ẹ jẹun jàre. Ẹ yẹ iron àti vitamin D wò nínú ẹ̀jẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Chicago tí oòrùn ò kàn yín lára ní winter. Ìwádìí kan tó jáde ní 2008 lórí àwọn obìnrin tó ń gba training Navy, àwọn tí wọ́n fún ní calcium pẹ̀lú vitamin D, stress fracture wọn fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 dín kù.

Ẹ̀yin AS, ẹ fọkàn balẹ̀, AS ò ní kẹ́ ẹ má wọ Army. Wọ́n yẹ àwọn ṣọ́jà aláwọ̀ dúdú tó lé ní 47,000 wò, èsì jáde ní 2016, ikú ò pọ̀ láàárín AS ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n rhabdo, ìyẹn kí iṣan máa já wọnú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wàhálà, fi nǹkan bí ìdajì jù tiwọn lọ. Ẹ sọ fún wọn pé AS ni yín, ẹ mumi, ẹ má fipá sáré nínú ooru lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí ìtọ̀ bá wá dúdú bíi Coke, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ti irun ò le. Wọ́n ti gbà dàda láti 2017. Ẹ ṣá di kíkó kékeré wẹ́wẹ́ sẹ́yìn, torí ṣùkú ò lè wọ abẹ́ akoto.