Ojú Pípọ́n Lára Ọmọ Tuntun àti Àwọn Ọmọdé

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ó bo funfun ẹyinjú, tí ó sì tún tẹ́ inú ìpéǹpéjú. Òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn pọ̀ nínú awọ yìí, bẹ́ẹ̀ ni a kì í sábà rí wọn. Nígbà tí kòkòrò àrùn bá dé ibẹ̀, tàbí tí ohun kan bá ta ojú, àwọn òpó náà á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ nínú wọn, omi á sì máa sun jáde pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tí ń bá àrùn jà. Ohun tí ó ń mú ojú pọ́n nìyẹn, òun náà ni ó sì ń fa ipin. Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lójú ọmọ ọjọ́ 3 náà ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lójú ọmọ ọdún 3, ṣùgbọ́n ewu tí ó wà nínú méjèèjì jìnnà síra púpọ̀.

Bí ojú ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ 28 bá pọ́n, ìbéèrè tí dókítà kọ́kọ́ máa ń bi ìyá ni ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ kòkòrò tí ó léwu jù ń wọ ojú ọmọ nígbà tí ó ń gba ojú ara ìyá kọjá, kálukú wọn sì ní iye ọjọ́ tí ó máa ń lò kí ó tó fara hàn. Èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ lè jẹ́ pé oògùn tí wọ́n fi sójú ọmọ nígbà ìbí ni ó ta á, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ti àtọ̀sí sábà máa ń yọjú láàárín ọjọ́ 2 sí 5, ti chlamydia, àrùn mìíràn tí a ń kó nípa ìbálòpọ̀, sì máa ń yọjú láàárín ọjọ́ 5 sí 14. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyí a máa wọnú ara wọn, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gba ipin náà lọ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n má baà gbára lé kíka ọjọ́ nìkan.

Ti àtọ̀sí ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù. Ìpéǹpéjú ọmọ á wú débi pé kò ní lè lajú. Bí a bá rọra ya ìpéǹpéjú náà, ọyún kíki tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè á tú jáde, a ó nù ún, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún fi kún. Awọ mímọ́ gaara tí ó wà níwájú ẹyinjú, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé bí ó ti ń gba ara dígí fèrèsé, ni kòkòrò yìí lè jẹ wọnú rẹ̀ bí kò tilẹ̀ sí ọgbẹ́ kankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Awọ náà lè lu láàárín ọjọ́ kan péré, ojú á sì fọ́. Oògùn ìkán sójú nìkan kò tó fún un, nítorí kòkòrò náà lè gba inú ẹ̀jẹ̀ dé oríkèé àti awọ tí ó bo ọpọlọ. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò bíi ceftriaxone, tí wọ́n sì ń fi omi iyọ̀ tí a pèsè fún ìtọ́jú ṣan ojú rẹ̀ léraléra títí ọyún náà yóò fi dá.

Ti chlamydia kì í le tó bẹ́ẹ̀ lójú, síbẹ̀ ó ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kòkòrò náà lè wà nínú imú àti ọ̀fun ọmọ, kí ó gba ibẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, kí òtútù àyà sì mú ọmọ náà láàárín oṣù 1 sí 3, pẹ̀lú ikọ́ tí kì í sábà ní ibà nínú. Ìdí rèé tí oògùn rẹ̀ fi jẹ́ èyí tí ọmọ ń gbé mì, bíi erythromycin fún ọjọ́ 14. Bí ọmọ tí ó ń lò ó bá ń bì gidigidi, kí wọ́n tètè gbé e padà wá, nítorí oògùn yìí lè dí ẹnu ọ̀nà àbájáde inú ikùn àwọn ọmọ tí wọ́n kéré jọjọ.

Nínú méjèèjì, a gbọ́dọ̀ tọ́jú ìyá àti ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bi rárá: ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ní àwọn àrùn wọ̀nyí ni kò mọ nǹkan kan lára. Àyẹ̀wò nígbà oyún ni ààbò tí ó dára jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oògùn tí wọ́n ń fi sójú ọmọ ní kété tí wọ́n bí i. Dókítà agbẹ̀bí kan, Carl Credé, ni ó bẹ̀rẹ̀ èyí ní Leipzig, Jámánì, ní ọdún 1880, pẹ̀lú silver nitrate, oògùn ìkán sójú tí a fi fàdákà ṣe. Àwọn ọmọ tí àrùn yìí ń mú ní ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀, tí wọ́n tó nǹkan bíi 10 nínú 100, kò sì tó 1 mọ́. Lóde òní, ìpara erythromycin tàbí tetracycline ni wọ́n sábà ń lò, ó ń dènà ti àtọ̀sí ju ti chlamydia lọ.

Kì í ṣe gbogbo ipin ni àrùn. Bí omijé bá ń dà lójú ọmọ, tí ipin sì ń lẹ̀ ẹ́ lójú nígbà tí ó bá jí, ṣùgbọ́n tí funfun ẹyinjú rẹ̀ ṣì funfun, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà tí omijé ń gbà lọ sínú imú má tíì ṣí. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì á kọ́ ìyá bí yóò ṣe máa fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, kí ó fà á wálẹ̀. Nínú 10 irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bíi 9 ni tiwọn máa ń ṣí kí wọ́n tó pé ọdún kan.

Ní ti àwọn ọmọ tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀, fáírọ́ọ̀sì tàbí bakitéríà ni ó sábà ń fa àpólò. Ti fáírọ́ọ̀sì a máa bá ọ̀fìnkìn rìn, omi ni ó máa ń dà, ó ń ti ojú kan bọ́ sí èkejì, apakòkòrò kò sì ràn án. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni yóò fi lọ. Ti bakitéríà ni ipin rẹ̀ ń ki, tí ó ń lẹ ojú pọ̀ láàárọ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú etí dídùn. Bí ojú méjèèjì bá kàn ń yún ọmọ ṣáá, ó lè jẹ́ ohun tí ara rẹ̀ kò gbà ni. Ọwọ́ àti aṣọ ìnura ni ó ń gbé èyí tí ó ń ràn kiri, nítorí náà kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí a tó tọ́jú ojú náà àti lẹ́yìn rẹ̀, kí a sì máa lo òwú tuntun fún ojú kọ̀ọ̀kan, láti igun imú lọ síta.

Bí ojú bá ń dun ọmọ gan-an, tí kò lè wo ìmọ́lẹ̀, tí kò ríran dáadáa, tàbí tí ìpéǹpéjú rẹ̀ wú pẹ̀lú ibà, dókítà ni kí a gbé e lọ bá lọ́jọ́ náà gan-an. Kí a má sì ṣe kán oògùn tí ẹlòmíràn lò kù sí i lójú, nítorí steroid, oògùn tí ń dín agbára ara láti bá àrùn jà kù, wà nínú àwọn kan, èyí tí ó máa ń jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì herpes ráyè ba ojú jẹ́.