Àga mẹ́yọ̀ ni àkàbà olóṣèlú ilẹ̀ Faransé

Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 2020, Édouard Philippe kúrò nípò olóòtú ìjọba ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 5, ó ti padà sórí àga mẹ́yọ̀ ní Le Havre, ìlú èbúté tó ti darí láti 2010 kí wọ́n tó pè é sí Paris ní 2017. Lójú àjèjì, bí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin wá gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni. Lójú àwọn Faransé, ilé ló padà sí.

Kọ́múùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tó kéré jù lọ, ni ìpìlẹ̀ ètò ìṣèlú Faransé. Nǹkan bí 35,000 ló wà, láti orí Paris títí dé abúlé tí èèyàn inú rẹ̀ kò pé ọgọ́rùn-ún. Ará ìlú kì í dìbò yan mẹ́yọ̀ fúnra rẹ̀: káńsílọ̀ ni wọ́n ń yàn fún ọdún 6, àwọn káńsílọ̀ á sì yan mẹ́yọ̀ láàárín ara wọn. Ìdí nìyẹn tí Philippe fi ní láti dúró di ọjọ́ 5 oṣù Keje, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kó jọ ti borí láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà. Ará Kétu tàbí Sákété ní Benin kò ní rí ohun àjèjì níbẹ̀; ọwọ́ Faransé ni orílẹ̀-èdè wọn ti jogún kọ́múùnù àti mẹ́yọ̀.

Agbára àga yìí pọ̀ ju bó ṣe rí lọ. Mẹ́yọ̀ ló ń so tọkọtaya pọ̀ lábẹ́ òfin, òun ló ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ìkọ́lé, kọ́múùnù rẹ̀ ló ń tọ́jú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ ojú rẹ̀. Àwọn sẹ́nétọ̀ 348 pàápàá, ará ìlú kọ́ ló ń yàn wọ́n: nǹkan bí 162,000 olùdìbò pàtàkì ni, káńsù ìlú sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ dupò ààrẹ tún gbọ́dọ̀ gba ìbuwọ́lù 500 lọ́wọ́ àwọn tó wà nípò ìbò, ó kéré tán láti ẹkùn 30. Emmanuel Macron, tí kò wọlé ìbò kankan rí kó tó di ààrẹ ní 2017, kò lè fo ìyẹn dá.

Láyé àtijọ́, olóṣèlú kì í fi àga kan sílẹ̀ kó tó mú òmíràn. Jacques Chirac, tó padà di ààrẹ, bẹ̀rẹ̀ bíi káńsílọ̀ ní Sainte-Féréole ní 1965, abúlé kan ní ẹkùn Corrèze tí ìdílé rẹ̀ ti wá. Nígbà tó fi máa parí 1979, òun ni mẹ́yọ̀ Paris, òun ni aṣòfin Corrèze, òun ni alága ìgbìmọ̀ ẹkùn Corrèze, ó sì tún jókòó nílé aṣòfin Yúróòpù. Àwọn tó ń gbèjà àṣà yìí ní ẹni tó mọ ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ lábúlé ló lè ṣòfin tó nítumọ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni, àmọ́ ẹnì kan ò lè wà níbi mẹ́rin lọ́jọ́ kan náà.

Òfin 1985 dín in kù, ti 2000 tún fún un pọ̀. Ti 2014, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017, ló gé e: aṣòfin tàbí sẹ́nétọ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́yọ̀ tàbí alága ẹkùn mọ́. Ti mínísítà yàtọ̀. Abala 23 nínú ìwé òfin 1958 ní kó fi àga aṣòfin sílẹ̀ fún igbákejì tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìbò. Bó bá kúrò nípò mínísítà, ó lè gbà á padà lẹ́yìn oṣù kan. Ṣùgbọ́n òfin kò ní kó má ṣe mẹ́yọ̀. Àṣà tí Lionel Jospin, olóòtú ìjọba nígbà náà, dá sílẹ̀ ní 1997 ló mú kí ọ̀pọ̀ mínísítà máa fi àga mẹ́yọ̀ sílẹ̀.

Ohun tí òfin ò gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn ni àga káńsílọ̀ lásán. Philippe ò fi tirẹ̀ ní Le Havre sílẹ̀ ní gbogbo ọdún mẹ́ta tó fi jẹ́ olóòtú ìjọba.