Ayédèrú ìkànnì pàṣípààrọ̀ owó kírípítò àti bí a ṣe ń yẹra fún un

Ayédèrú ìkànnì pàṣípààrọ̀ owó kírípítò ni ojú-ewé ayélujára tí àwọn oníjìbìtì ṣe kí ó lè jọ ìkànnì ilé-iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń ra owó orí ayélujára bíi Bitcoin, USDT àti irú wọn, kí ẹni tó bá ṣìnà dé ibẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yà kan ni nínú jìbìtì tí wọ́n ń pè ní phishing, èyí tí ó ti wà láti àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí wọ́n fi ń gba àkáǹtì lọ́wọ́ àwọn oníbàárà AOL, ilé-iṣẹ́ ayélujára kan ní Amẹ́ríkà. Ti kírípítò le ju ti báńkì lọ ní ọ̀nà kan: bí owó bá ti kúrò nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì (àpamọ́wọ́ orí ẹ̀rọ), tí ó sì ti wọ inú blockchain, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìsanwó tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú, kò sí ọ́fíìsì kankan tó ní agbára láti fagi lé ìsanwó náà.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kan Òṣogbo

Ní 5 Oṣù Kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò kírípítò pa. Òwò náà kò dúró. Ó yí sí ọ̀nà P2P, níbi tí ẹni tó fẹ́ rà ti ń fi náírà ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì ẹni tó fẹ́ tà, tí ìkànnì pàṣípààrọ̀ sì ń di owó kírípítò náà mú títí ẹni tó tà á yóò fi jẹ́rìí pé owó òun ti wọlé. Báńkì Àpapọ̀ yí àṣẹ náà padà ní Oṣù Kejìlá ọdún 2023, ṣùgbọ́n nígbà tó di Oṣù Kẹta ọdún 2024, Binance, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún P2P, dá gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ tó jẹ mọ́ náírà dúró. Irú ìgbà báyìí, tí àwọn oníbàárà ń ṣí láti ìkànnì kan lọ sí òmíràn, dára fún oníjìbìtì, nítorí pé ìkànnì tuntun ni wọ́n ń wá, ojú wọn kò sì tíì mọ́ ojúlówó rẹ̀.

Ní Òṣogbo, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN àti Fountain University, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ orí ayélujára fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè, àti àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹbí tó wà lẹ́yìn odi wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí lè kàn jù. Orí WhatsApp àti Telegram ni líǹkì sábà máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Líǹkì tó bá ti ọwọ́ ẹni tí a mọ̀ wá kò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rí tó pọ̀ ju ti àjèjì lọ, torí pé àkáǹtì WhatsApp ẹni náà fúnra rẹ̀ lè ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn onígbájúẹ̀.

Kíka àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì

Ohun gbogbo tó wà lójú ìkànnì ni oníjìbìtì lè dà kọ: àwọ̀, àmì ilé-iṣẹ́, àtẹ iye owó tó ń lọ sókè sódò, títí kan ìkìlọ̀ pé kí oníbàárà ṣọ́ra fún jìbìtì. Orúkọ ìkànnì nìkan ni kò lè dà kọ, nítorí pé ènìyàn méjì kì í ní orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà àdírẹ́ẹ̀sì ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí a mọ bí a ṣe ń kà á.

Apá ọ̀tún ni agbára wà nínú orúkọ ìkànnì. Nínú uniosun.edu.ng, .ng tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti Nàìjíríà, NiRA sì ni àjọ tó ń bójú tó o; .edu wà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Uniosun ni orúkọ tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbà lábẹ́ wọn. Ohunkóhun tí wọ́n bá tún fi ṣáájú rẹ̀ lápá òsì, tí àmì ìdánudúró sì wà láàárín, ẹni tó ni orúkọ náà ló fi síbẹ̀, ó sì lè fi ohun tó bá wù ú síbẹ̀. Bí àdírẹ́ẹ̀sì ilé ni ó rí: orúkọ ilé ló ń ṣáájú, àdúgbò a tẹ̀lé e, Òṣogbo a tẹ̀lé àdúgbò, ìpínlẹ̀ a sì gbẹ̀yìn, ẹni tó bá kọ "Ilé Òṣogbo" síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kánò, Kánò náà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Bákan náà, binance.com.example.net kì í ṣe ti Binance rárá, ti ẹni tó ni example.net ni. Ohun tó bá sì tẹ̀lé àmì / lẹ́yìn orúkọ kò ní ẹ̀rí kankan nínú, torí orúkọ ojú-ewé lásán ni.

Ìlà kékeré tí wọ́n fi ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ tún máa ń tan ènìyàn. Orúkọ tí wọ́n bá fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ so "coinbase", orúkọ ìkànnì pàṣípààrọ̀ kan, mọ́ "login" tàbí mọ́ "nigeria" jẹ́ orúkọ tuntun pátápátá, ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ sanwó ló ni ín. Ìgbẹ̀yìn .com.ng náà kò fi hàn pé ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ kan jẹ́rìí sí ìkànnì, nítorí pé ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn; .gov.ng àti .edu.ng ni wọ́n ní ìlànà tó le.

Lórí fóònù, ibi tí àdírẹ́ẹ̀sì ń hàn kò fẹ̀, àwọn áàpù kan sì máa ń ṣí líǹkì sínú ara wọn láìjẹ́ kí orúkọ ìkànnì hàn tán. Ó dára kí ènìyàn kọ́kọ́ tẹ ibi àdírẹ́ẹ̀sì náà kí ó lè rí i látòkè délẹ̀ kó tó kọ ohunkóhun sí ojú-ewé.

Àwọn lẹ́tà tó jọra

Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ ni kí wọ́n ṣi orúkọ kọ díẹ̀: kí r àti n tó sún mọ́ra dípò m, kí òdo dípò o, tàbí kí wọ́n fo lẹ́tà kan. Ọ̀nà kejì ṣòro láti rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 2003 ni ìlànà àgbáyé ti fàyè gba lẹ́tà tí kò sí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú orúkọ ìkànnì, ohun tó dára fún àwọn èdè bíi Lárúbáwá, Rọ́ṣíà àti Yorùbá pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà ń tọ́jú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní ìrísí mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn--, búráwúsà (áàpù tí a fi ń ṣí ìkànnì) ni ó sì ń yí i padà sí lẹ́tà tí ojú lè kà. Lẹ́tà "а" ti Rọ́ṣíà àti "a" tí a ń lò kò ṣeé fi ojú yà sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2017, olùwádìí ààbò ayélujára kan, Xudong Zheng, fi hàn pé òun lè fi lẹ́tà Rọ́ṣíà nìkan forúkọ ìkànnì kan sílẹ̀ tí Chrome àti Firefox yóò sì gbé jáde bí apple.com. Google ṣàtúnṣe sí Chrome lọ́dún yẹn kan náà.

Ọ̀ràn tó yẹ kí òǹkàwé Yorùbá fiyè sí jù lọ ṣẹlẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ní 7 Oṣù Kẹta ọdún 2018, àwọn kan fi àkáǹtì tí wọ́n ti jí lọ́wọ́ àwọn oníbàárà Binance ra owó tí ń jẹ́ Viacoin lọ́pọ̀ yanturu láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí iye rẹ̀ lè gbéra, kí wọ́n sì lè ta tiwọn lówó gọbọi. Binance tètè dá gbígba owó jáde dúró, ó sì fagi lé àwọn káràkátà náà. Àlàyé tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ni pé láti oṣù Kìíní ni àwọn olè náà ti ń kó páásíwọ́ọ̀dù jọ, nípasẹ̀ ìkànnì tí orúkọ rẹ̀ jọ binance.com ní gbogbo ọ̀nà, àfi àmì kíún abẹ́ lẹ́tà méjì, tí n di ṇ. Wọn kò fọwọ́ kan owó ẹnikẹ́ni ní gbogbo àkókò yẹn. Kọ́kọ́rọ́ API tí wọ́n ń fi pàṣẹ káràkátà ni wọ́n ń ṣẹ̀dá sórí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń dúró de ọjọ́ tí wọn yóò lò ó.

Irú àmì yẹn gan-an ni à ń fi sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó mọ Yorùbá kà dáadáa tètè rí i, ṣùgbọ́n òdìkejì náà ṣeé ṣe: nínú àtẹ̀jíṣẹ́ ojoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ń kọ Osogbo dípò Òṣogbo, ojú sì ti mọ́ ọn lára láti ka ọ̀rọ̀ láìka àmì sí. Pẹ̀lú ìyẹn, ìlà tí wọ́n ń fà sábẹ́ líǹkì a máa bo àmì náà mọ́lẹ̀. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀, pé kí ènìyàn la ojú rẹ̀ dáadáa, kò tó fún irú ìkànnì báyìí.

Ìpolówó

Èsì àkọ́kọ́ lórí Google lè jẹ́ ìpolówó tí ẹnikẹ́ni rà. Ní Oṣù Kejì ọdún 2018, Talos, ẹ̀ka ìwádìí ààbò ilé-iṣẹ́ Cisco, gbé ìròyìn jáde nípa ẹgbẹ́ kan tí wọ́n sọ ní Coinhoarder, lẹ́yìn ìwádìí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ọlọ́pàá ayélujára ilẹ̀ Ukraine. Ẹgbẹ́ náà ń ra ìpolówó sórí àwọn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ń wá wọ́lẹ́ẹ̀tì kírípítò, ó sì ń darí wọn sí ayédèrú ìkànnì blockchain.info. Talos fojú díwọ̀n ohun tí wọ́n jí sí nǹkan bí 50 mílíọ̀nù dọ́là láàárín ọdún mẹ́ta, Nàìjíríà àti Ghánà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àwọn tó bọ́ sínú pańpẹ́ náà ti wá.

Àmì àgádágodo

Àgádágodo ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì ń sọ pé ẹlòmíràn kò lè ka ohun tí a ń fi ránṣẹ́ lójú ọ̀nà. Kò sọ ẹni tí a ń fi í ránṣẹ́ sí, ayédèrú ìkànnì náà sì máa ń ní in. Chrome yọ àmì náà kúrò ní ọdún 2023, nítorí pé àwọn ènìyàn ń ṣì í túmọ̀. Ìkìlọ̀ búráwúsà pé ìwé ẹ̀rí ìkànnì kan kò dára yàtọ̀ sí èyí, kò sì yẹ kí a fojú fò ó. Ní 24 Oṣù Kẹrin ọdún 2018, àwọn olè yí ọ̀nà ayélujára padà fún nǹkan bí wákàtí méjì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó tẹ àdírẹ́ẹ̀sì wọ́lẹ́ẹ̀tì MyEtherWallet láìṣì í pàápàá ń bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ìkìlọ̀ yẹn nìkan ló ta àwọn oníbàárà lólobó, àwọn tó kọjá rẹ̀ ló sì pàdánù.

Ìdáàbòbò tí kò gbára lé ojú

Ìlànà tó dára jù ni kí ènìyàn má ṣe gba orí líǹkì ẹlòmíràn wọ àkáǹtì rẹ̀ rárá. Kí ó rí àdírẹ́ẹ̀sì ojúlówó lẹ́ẹ̀kan, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò láti ibi méjì, kí ó fi í pamọ́ sínú búráwúsà, kí ó sì máa gba ibẹ̀ wọlé nígbà gbogbo. Fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní ìyọ̀ǹda ní Nàìjíríà, ibi kan láti yẹ orúkọ wọn wò ni sec.gov.ng, ìkànnì SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìdókòwò, èyí tó fún Busha àti Quidax ní ìyọ̀ǹda àkọ́kọ́ ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2024. Àgbàlagbà tí ọmọ tàbí oníṣẹ́ fóònù ń bá fi áàpù sórí fóònù ní láti rí i pé inú ibi tí Google tàbí Apple ti ń pín áàpù ni wọ́n ti mú un.

Kóòdù tó ń wá lórí fóònù dára, ṣùgbọ́n ayédèrú ìkànnì lè gbà á lọ́wọ́ oníbàárà kí ó sì lò ó lójú ẹsẹ̀ lórí ojúlówó. Passkey, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tí fóònù ń tọ́jú dípò páásíwọ́ọ̀dù, kò ní àléébù yìí, nítorí pé fóònù fúnra rẹ̀ ló ń fi orúkọ ìkànnì wé èyí tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀. Ṇ àti n kò lè jọra lójú rẹ̀. Áàpù tó ń tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, bí ó bá sì kọ̀ láti kọ páásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó yẹ kí ènìyàn dúró kí ó tún àdírẹ́ẹ̀sì wò. Binance àti àwọn mìíràn tún ń jẹ́ kí oníbàárà yan ọ̀rọ̀ àdáni tí yóò máa hàn nínú gbogbo ímeèlì tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá.

Ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 tó ń ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì àdáni kò sí lára ohun tí ìkànnì pàṣípààrọ̀ kan nílò láti fi wọlé. Ìkànnì tó bá béèrè fún un kì í ṣe ojúlówó.

Bí ènìyàn bá ti tẹ páásíwọ́ọ̀dù síbẹ̀

Kí ó gba àdírẹ́ẹ̀sì tó fi pamọ́ wọlé, kí ó yí páásíwọ́ọ̀dù padà, kí ó lé gbogbo ẹ̀rọ mìíràn jáde, kí ó sì pa gbogbo kọ́kọ́rọ́ API tí kò mọ̀ rẹ́. Ọ̀ràn Binance ti ọdún 2018 fi hàn pé yíyí páásíwọ́ọ̀dù nìkan lè má tó. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ 12 náà ló ti jáde, kò ṣeé yí padà: wọ́lẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ó ṣí, kí ó sì kó ìyókù owó rẹ̀ lọ síbẹ̀ kíákíá. Àwọn tó máa ń kàn sí ẹni tí wọ́n ti jà lólè, tí wọ́n ń ṣèlérí àtigba owó náà padà bí ó bá lè san owó díẹ̀ sílẹ̀, jẹ́ oníjìbìtì pẹ̀lú.

Òfin

Abala 32 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ayélujára ti ọdún 2015 sọ phishing di ẹ̀ṣẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí owó ìtanràn ₦1,000,000, tàbí méjèèjì. Ará Òṣogbo lè mú ẹjọ́ lọ sí ọ́fíìsì ọlọ́pàá, tí ó ní ibùdó pàtó fún ìwà ọ̀daràn ayélujára ní ìpele orílẹ̀-èdè, tàbí sí ẹ̀ka EFCC tó wà ní Ìbàdàn. Ohun tí yóò wúlò fún wọn ni àdírẹ́ẹ̀sì ayédèrú ìkànnì náà bí ó ṣe rí gan-an, àwòrán ojú fóònù, àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìsanwó tó wà nínú blockchain.