Bí Ìrísí àti Àwọ̀ Ṣe Ń Jẹ́ Kí Ẹ̀rọ Ńlá Yé Ẹni Tó Ń Lò Ó

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn awakọ̀ bàálù B-17 kan máa ń balẹ̀ láyọ̀ tán, kí wọ́n tó ṣèèṣì ká ẹsẹ̀ bàálù náà sínú, á sì fi ikùn wọ́lẹ̀. Alphonse Chapanis, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá, rí i pé ohun tó ń ká ẹsẹ̀ bàálù àti èyí tó ń darí awẹ́ ẹ̀yìn apá rẹ̀ jọra, wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó fi orí roboto bíi táyà sí ti ẹsẹ̀, ó fi orí pẹlẹbẹ sí ìkejì. Láti ìgbà náà, ọwọ́ lè mọ èyí tó dì mú láìjẹ́ pé ojú wò ó. Òfin Amẹ́ríkà ṣì ní kí bàálù akérò ní irú ìrísí yìí.

Nínú ilé-iṣẹ́, ìrísí àti àwọ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ni, kò sì sí ibi tó hàn tó bọ́tìnì ìdádúró pàjáwìrì. ISO 13850, ìlànà àgbáyé lórí bọ́tìnì yìí, ní kó pupa, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ yẹ́lò. Orí rẹ̀ máa ń fẹ̀ kí àtẹ́lẹwọ́, tàbí ìgbúnwọ́ pàápàá, lè gbá a wọlé nígbà tí ẹ̀rù ò jẹ́ kéèyàn lè fojú wá bọ́tìnì tóóró. Tó bá ti wọlé, ibẹ̀ ló máa há sí títí ẹnì kan á fi yí i tàbí fà á jáde, fífà á jáde náà ò sì gbọdọ̀ mú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Àwọn iná kéékèèké tó wà lára ẹ̀rọ náà ní èdè tiwọn: pupa fún ewu, yẹ́lò fún ohun tó ti ń yà kúrò bó ṣe yẹ, àwọ̀ ewé fún àlàáfíà, búlúù fún ibi tí òṣìṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ará Yúróòpù, nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 12 kì í rí ìyàtọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé dáadáa. Nítorí náà, ipò iná, àmì ara rẹ̀ tàbí bó ṣe ń ṣẹ́jú ní láti sọ ohun kan náà tí àwọ̀ ń sọ.

Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ ni kíkun gbogbo nǹkan. Ojú ìwòran tó kún fún àwọ̀ mèremère máa ń bo ìkìlọ̀ mọ́lẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ yàrá ìdarí fi ń lo àwọ̀ eérú báyìí, tí wọ́n ń fi pupa àti yẹ́lò pamọ́ di ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Ara ẹ̀rọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti bí ọdún 1940 sókè ni àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ti ń kun inú ìbòrí jíà àti bẹ́líìtì ní àwọ̀ ọsàn, tí ìta rẹ̀ kò sì dá yàtọ̀ sí ara ẹ̀rọ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé láti pa ìbòrí náà dé, ẹni tó wà lókèèrè náà á ti rí i.