Yíyí Orúkọ Wi-Fi Padà Kọ́ Ni Oògùn Ìjà Router Méjì

Ní Ìlọrin níbí, bí ènìyàn bá ti ra router kejì, ìyẹn ẹ̀rọ tí ó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún fóònù àti kọ̀ǹpútà, sí ilé, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ìmọ̀ràn kan náà ni yóò máa gbọ́ lọ́tùn-ún lósì: pé orúkọ Wi-Fi àwọn méjèèjì ni ó ń ta kora, kí ó fún èkejì ní orúkọ mìíràn àti password mìíràn, ìjà yóò sì parí. Mo ti gbọ́ ọ ní Tanke, mo ti gbọ́ ọ ní Gáà Akanbí, mo sì tún gbọ́ ọ ní Ọ̀fà lẹ́nu ẹnì kan tí ó ń ta router jẹun, tí ó sì yẹ kí ó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi í fẹnu sọ, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Pé orúkọ kò mọ nǹkan kan nípa ìjà yìí kò yẹ kí ó gba àròyé púpọ̀. Ẹni tí ó bá ti wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga tàbí ilé ìtura ńlá rí yóò ti rí i pé orúkọ Wi-Fi kan ṣoṣo ni ó máa ń jáde láti ara ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n kàn mọ́ àjà, tí fóònù ẹni yóò sì máa bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan sọ́wọ́ èkejì bí ẹni náà ti ń rìn lọ. Nọ́ńbà tí wọ́n ti kọ mọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lára ni fóònù fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Orúkọ tí ojú àwa ń rí kò ju pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù lọ. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ kí fóònù yín máa bá yín gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìjẹ́ pé ẹ tún ń yan Wi-Fi mìíràn, orúkọ kan náà, password kan náà àti irú ààbò kan náà ni ó yẹ kí ẹ fún àwọn méjèèjì.

Ohun tí ó ń ta kora ni àdírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn àwọn nọ́ńbà mẹ́rin tí àmì ìdánudúró pín sí wẹ́wẹ́, irú bíi 192.168.0.1. Ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní RFC 1918, tí ó jáde ní oṣù Èrèlé ọdún 1996, ya ọ̀wọ́ mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé: gbogbo èyí tí ó bá fi 10 bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó lọ láti 172.16 dé 172.31, àti gbogbo èyí tí ó bá fi 192.168 bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ni ó lè lò wọ́n láìtọrọ àṣẹ, nítorí pé wọn kì í rìn jáde kúrò nínú ilé. Ìdí nìyẹn tí router yín fi lè jẹ́ 192.168.0.1, tí ti aládùúgbò yín náà sì jẹ́ 192.168.0.1, tí ẹnì kankan kò sì di ẹnì kankan lọ́wọ́, níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ohun tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fi wáyà so router méjì pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan ni ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀.

Nílé ẹ̀gbọ́n mi kan ní Tanke, ìsàlẹ̀ ni router àkọ́kọ́ wà, kọnkéré àjà kò sì jẹ́ kí agbára rẹ̀ dé yàrá àwọn ọmọ lókè. Wọ́n ra irú kan náà kún un. Ẹni tí ó wá bá wọn tò ó fa wáyà láti ihò LAN (ìyẹn ihò wáyà fún àwọn ẹ̀rọ inú ilé) ti ìsàlẹ̀ lọ sí ihò LAN ti òkè, ó yí orúkọ Wi-Fi ti òkè padà, ó gbowó, ó lọ. Nígbà tí nǹkan dàrú ní ọjọ́ kejì, wọ́n pè é padà, ó sì gbìyànjú díẹ̀ sí i: ó mú àdírẹ́ẹ̀sì router òkè kúrò ní 192.168.0.1, ó sọ ọ́ di 192.168.0.2. Èyí kò burú rárá, ó tilẹ̀ pọn dandan. Àmọ́ ibẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ parí sí, ibẹ̀ náà sì ni ti ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń parí sí.

Nígbà tí mo débẹ̀, orí àga kan náà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí. Íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù tèmi, kò ṣiṣẹ́ lórí tiwọn, bẹ́ẹ̀ Wi-Fi kún dẹ́nu lórí méjèèjì.

“Ṣé o rí nǹkan tí mò ń wí? Mo ní kí ó yí orúkọ padà, ó yí i. Kí ló tún kù?”

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n fún mi ní fóònù wọn. Mo tẹ orúkọ Wi-Fi náà, mo wá ibi tí àlàyé rẹ̀ wà lọ. Àdírẹ́ẹ̀sì fóònù wọn jẹ́ 192.168.0.104, ní ibi tí a kọ Gateway sí, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí fóònù ń gbà jáde lọ sí íntánẹ́ẹ̀tì, 192.168.0.2 ni ó wà níbẹ̀. Lórí tèmi, 192.168.0.1 ni. Kò sí káàdì SIM nínú router òkè, kò sì sí ohunkóhun nínú ihò WAN rẹ̀, ìyẹn ihò tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ inú router láti ìta, síbẹ̀ òun ni fóònù ẹ̀gbọ́n mi ń gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ bá.

Ohun tí kò yé ẹni tí ó tò ó nìyí. Nínú router ilé kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní DHCP, òun ni ó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún fóònù, kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n tí ó bá wọlé, òun náà ni ó sì ń sọ fún wọn ibi tí wọn yóò gbà jáde. Bí fóònù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò mọ ẹni tí yóò bi, nítorí náà yóò ké sí gbogbo ilé pé ta ni yóò fún òun ní nọ́ńbà. Gbogbo ẹni tí iṣẹ́ yìí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò dáhùn. Ìwé ìlànà RFC 2131 ti ọdún 1997 gba fóònù láyè láti yan èyí tí ó bá wù ú nínú àwọn ìdáhùn náà. Ohun tí ó sì sábà máa ń ṣe ni pé yóò mú ti ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fọhùn. Ẹ wo agbo ilé tí ó ní Mágàjí méjì, tí àwọn méjèèjì ń pín yàrá fún àlejò láìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń júwe ẹnu ọ̀nà tí ó já sí títì, èkejì ń júwe èyí tí wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù dí pa. Bí iṣẹ́ bá tún wá wọ ara wọn jù, wọ́n lè fi àlejò méjì sí yàrá kan. Yíyí orúkọ Wi-Fi padà dà bí ìgbà tí a tún ojú ilé kùn. Yíyí àdírẹ́ẹ̀sì router kejì sí 192.168.0.2 jẹ́ pé a kó Mágàjí kejì lọ sí yàrá mìíràn. Mágàjí ṣì ni, ó ṣì ń pín yàrá.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi ń búra pé yíyí orúkọ padà ṣiṣẹ́ fún àwọn? Mo gbà pé ó dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Bí ẹ bá yí orúkọ padà, gbogbo fóònù tí ó wà lórí rẹ̀ ni yóò já, tí yóò sì tún padà wá béèrè nọ́ńbà. Bí ó bá jẹ́ router ìsàlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dáhùn lọ́tẹ̀ yìí, ara fóònù yá, a sì gbé ògo fún orúkọ tuntun. Lẹ́yìn náà ni iná NEPA yóò lọ, yóò dé, àwọn router méjèèjì yóò jí dìde, àwọn fóònù yóò tún ké, ẹni tí ó bá sì yára jù ni yóò dáhùn. Oògùn tí ó jẹ́ pé bí wọ́n ti ń mú iná lọ ni agbára rẹ̀ ń lọ, èmi kò mọ bí a ṣe ń pè é ní oògùn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà tí ó so àwọn méjèèjì, kí ẹ so router kejì nìkan mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ wọ ojú ewé ètò rẹ̀, kí ẹ fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì tí kò sí láàárín àwọn tí ti àkọ́kọ́ ń pín, kí ẹ sì pa DHCP rẹ̀. Nọ́ńbà ìparí àdírẹ́ẹ̀sì tí ti ìsàlẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n mi ń pín lọ láti 100 dé 199, nítorí náà 2 kò fi ẹnì kankan ṣe. Àmọ́ àwọn kan wà tí ó ń pín láti 2 lọ, iye tí irú wọn ń pín ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá fa wáyà láti LAN sí LAN. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí wáyà wọ ihò WAN ti kejì, ẹ fi DHCP rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ yí nọ́ńbà kẹta inú àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ padà, kí òun máa jẹ́ 192.168.5.1, kí ó má ba à jẹ́ pé ọ̀wọ́ kan náà ni yóò bá níwájú àti lẹ́yìn ara rẹ̀. Àléébù ọ̀nà yìí ni pé fóònù tí ó wà ní ìsàlẹ̀ kò ní rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó wà lókè.

Èmi kò sọ pé gbogbo ìṣòro router méjì ni èyí yóò yanjú. Àwọn tuntun kan wà tí ó jẹ́ pé ẹ kàn máa yan Access Point (ìyẹn kí ó máa tan Wi-Fi nìkan, láìpín àdírẹ́ẹ̀sì) ni, wọn yóò sì ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra wọn. Àwọn mìíràn máa ń yí nọ́ńbà ara wọn padà bí wọ́n bá rí i pé ó bá ti iwájú mu. Bí àwọn méjèèjì bá sì wà lórí ìkànnì kan náà ní 2.4 GHz, ìyẹn ọ̀kan nínú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí Wi-Fi ń gbà, wọn yóò máa di ara wọn lọ́wọ́, kí ẹ fi ọ̀kan sí 1 kí èkejì wà ní 6 tàbí 11. Ó sì yẹ kí n jẹ́wọ́ pé ibì kan wà tí orúkọ ti lè dá wàhálà sílẹ̀: bí orúkọ bá bára mu, tí password kò bára mu, fóònù yóò máa kan ilẹ̀kùn tí wọn kò ní ṣí fún un. Àìríwọlé ni ìyẹn o, kì í ṣe ìjà àdírẹ́ẹ̀sì.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù báyìí ni ihò kékeré tí a kọ Reset sí lára. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti fa díẹ̀, ọmọ ilé kan yóò wá abẹ́rẹ́, yóò sì tẹ̀ ẹ́ títí gbogbo iná router yóò fi ṣẹ́jú. Gbogbo ètò yóò padà sí bí ó ti wà nígbà tí ó jáde nínú páálí, àdírẹ́ẹ̀sì á di 192.168.0.1, DHCP á tún dìde, ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí n tó kúrò ní Tanke, mo kọ 192.168.0.2 sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí router òkè, mo sì gé téèpù dúdú, mo fi bo ihò náà.